ÈLÓ NI Ọ̀KAN ṢOṢO? Ìbéèrè kékeré tó ń yọ ọlọ́jà nínú gbèsè

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé aláròká nìkan ni òwe yìí bá wí. Irọ́ o! Ó bá ọlọ́jà wí, ó bá télọ̀ wí, ó sì bá bíríkìlà àti káfíńtà wí pẹ̀lú. Láti Ìtòkú dé Kútọ̀, láti Òmídá dé Làfẹ́nwá, ọjà tí ẹnu ti tà kí ọkàn tó ṣírò rẹ̀ kò lóǹkà. Ẹni tó tajà á máa rẹ́rìn-ín pé òun ti jèrè, àfi ọjọ́ tó bá dé ìdí àpótí owó, tó bá a ní òfìfo.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá aláàdìrẹ kan n'Ìtòkú, ká máa pè é ní Ìyá Aláró. Irú rẹ̀ pọ̀ nílùú, bóyá òun gan-an ló ń ka ìwé ìròyìn yìí lọ́wọ́. Iye owó tí ẹ ó rí nínú ìtàn rẹ̀, ti ìṣirò lásán ni. Owó ọjà kì í dúró lójú kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò kì í yí padà.

ÌYÁ ALÁRÓ ÀTI ÀǸKÓÒ OGÓJÌ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aláró, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

"Ẹ kúùjókòó, Màmá. Ẹgbẹ́ wa ló rán mi wá. Aṣọ 40 la fẹ́ fi ṣe àǹkóò, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún. Àmọ́ ẹ ó dín in fún wa o. Ọjà rẹpẹtẹ la fẹ́ rà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Màá dín in, ìwọ má bá mi jà."

Aṣọ 6 ni Ìyá Aláró máa ń pa láró lẹ́ẹ̀kan. Ó mọ iye tó ń ná an lórí aṣọ 6 bí ẹni mọ orúkọ ọmọ: aṣọ funfun ₦36,000, aró, kọ́sítíìkì sódà àti háídírósì ₦9,000, ìda ₦3,000, igi ìdáná ₦1,800, owó ọmọ iṣẹ́ ₦1,800, owó ọkọ̀ lọ sí Èkó lọ ra aṣọ ₦2,400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦54,000.

Ó wojú òrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò nínú ọkàn rẹ̀: "6 lọ nínú 40 ní ìgbà 6. ₦54,000 lọ́nà 6 jẹ́ ₦324,000. Bí mo bá gba ₦340,000, mo ti rí ₦16,000 jẹ, ara ọmọ yìí náà á sì yá." Ó yanu, ó dá owó. Oníbàárà kò tilẹ̀ bá a nájà púpọ̀. Ó san àsansílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó lọ.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa aṣọ tó kẹ́yìn láró tán, tí oníbàárà san owó tó kù, Ìyá Aláró ka owó títí, kò pé. Dípò kí èrè wà nílẹ̀, ó ti fọwọ́ kan owó èsúsú. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ó ro ó sọ́tùn-ún, ó ro ó sósì, ojú rẹ̀ bá bọ́ sára ọmọ iṣẹ́ tó máa ń rán lọ ra aró.

"Ìwọ ọmọ yìí, kò sí ẹlòmíì tó ń dé ìdí owó mi. Níbo lo kó owó mi sí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, mi ò mú nǹkan kan o! Gbogbo ṣéńjì ni mo kó fún yín."

Ẹkún ni ọmọ sun lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ohun tí àìmọ̀ṣirò máa ń fà nìyẹn. Kò kàn ń jẹ owó, a máa ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

ỌMỌDÉ BÉÈRÈ Ọ̀RỌ̀

Nílé lálẹ́, ọmọ Ìyá Aláró tó wà ní ìwé kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó mú bírò.

"Màmá, ẹ má bínú. Èló ni aṣọ kan ṣoṣo ń ná yín?"

"Èmi ò kì í ṣe ọ̀kan. Mẹ́fà mẹ́fà ni mo máa ń ṣe."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ ká pín ₦54,000 sí ọ̀nà 6. Ọ̀kan jẹ́ ₦9,000. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ₦9,000, 40 jẹ́ ₦360,000. Èló lẹ gbà?"

Ìyá dákẹ́. Ibi tí àṣìṣe wà kò jìnnà. 6 lọ nínú 40 ní ìgbà 6 lóòótọ́, ṣùgbọ́n 36 nìyẹn. Aṣọ 4 ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ aṣọ 4 ní ₦9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦36,000. Owó tí Ìyá Aláró gbàgbé nìyẹn. Ó fi ₦16,000 kún owó aṣọ 36, ó pè é ní èrè, kò mọ̀ pé aṣọ 4 tó kù ń dúró de owó tiwọn.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n tí ọmọ yìí lò, èyí tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé ni: kọ́kọ́ wá iye ọ̀kan, kó o tó lọ sí iye púpọ̀. Bó o bá mọ iye ọ̀kan, kò sí iye tí oníbàárà lè dá tí yóò bà ọ́ lẹ́rù, ì báà jẹ́ 7, ì báà jẹ́ 13, ì báà jẹ́ 250.

KÌ Í ṢE ỌGBỌ́N ÒYÌNBÓ NÌKAN

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìṣirò báyìí jẹ́ àjèjì sí ọmọ Lísàbí. Nígbà tí Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde l'Ábẹ́òkúta ní 1859, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Owó ẹyọ 40 ló wà lórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ owó 2,000, ìyẹn ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Nítorí náà okùn 3 ni ìwé ìròyìn kan, ẹni tó bá ní ẹgbàá lọ́wọ́ á ra 16, okùn 2 á sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Àwọn ìyá ńlá wa kò ní bírò, orí ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ìgbà tí owó yí padà ni ọ̀pọ̀ kọsẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní Nàìjíríà. Pọ́n-ùn kan di ₦2, sílè kan di kọ́bọ̀ 10. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sílè kan jẹ́ pẹ́nì 12 láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn wa sì ti ń pe pẹ́nì náà ní kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀. Orúkọ kan náà, owó méjì! Ọjà tí wọ́n ń tà ní sísì, ìyẹn pẹ́nì 6, kọ́bọ̀ 5 ló yẹ kó dà. Ọjà tọ́rọ́, ìyẹn pẹ́nì 3, kọ́bọ̀ 2 ààbọ̀ ni. Ẹni tó bá wí pé "pẹ́nì 6 ni tẹ́lẹ̀, kọ́bọ̀ 6 ni báyìí", ó ti fi kọ́bọ̀ kan lé e lórí gbogbo kọ́bọ̀ 5 láìjẹ́ pé ọjà wọ́n. Ẹni tó bá mọ iye tí ọ̀kan jẹ́ nínú èkejì nìkan ni wọn kò lè rẹ́ jẹ.

ÌKÒKÒ ARÓ KÒ GBA "FI DÍẸ̀ SÍ I"

Àṣìṣe mìíràn wà tó burú ju ti owó lọ. Ká ní ṣíbí 9 kọ́sítíìkì ni Ìyá Aláró ń lò fún aṣọ 6. Lọ́jọ́ kan aṣọ di 10. Ọmọ iṣẹ́ kan á ní, "Aṣọ 4 ló lé sí i, ẹ jẹ́ ká fi ṣíbí 4 lé 9, kó jẹ́ 13." Òmíràn á ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kó jẹ́ 18." Àwọn méjèèjì kò gbà á. Ṣíbí 9 fún aṣọ 6, ọ̀kan jẹ́ ṣíbí 1 ààbọ̀. Aṣọ 10 ń fẹ́ ṣíbí 15, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Aró àti háídírósì náà gbọ́dọ̀ bá a lọ ní ìwọ̀n kan náà. Bó bá dín, aró kò ní mú. Bí kọ́sítíìkì bá pọ̀ jù, a máa jẹ aṣọ, a sì máa bó ọwọ́ aláró.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ n'ílẹ̀ Ẹ̀gbá rí. Ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn aláró ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà wọ ọjà, iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń gbó kíákíá, pé aró ń ṣí. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ọba fòfin de lílo àwọn èròjà òyìnbó yìí. Àwọn obìnrin aláró kò gbà, wọ́n ní ọ̀nà oúnjẹ àwọn ni wọ́n fẹ́ dí. Ọ̀rọ̀ náà le títí ìjọba òyìnbó fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1936. Ẹ wò ó bí ṣíbí tó lé tàbí ṣíbí tó dín ṣe lè di ọ̀rọ̀ ààfin.

Ẹ̀yin bíríkìlà, ọ̀rọ̀ yín náà rèé. Láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, n'ílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, nítorí náà iṣẹ́ kọnkéré kò ṣàjèjì sí wa. Ìwọ̀n tí gbogbo oníṣẹ́ mọ̀ ni páànù sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Bí sìmẹ́ńtì bá di páànù 3, yanrìn di 6, òkúta di 12. Ẹni tó fi yanrìn 10 sí sìmẹ́ńtì 3 pé òun ń ṣọ́ owó ná, òun kò ṣọ́ owó o. Ilé tí yóò wó lu ẹlòmíràn ló ń kọ́. Ìwọ̀n kọnkéré kì í ṣe ohun tí a ń bá nájà.

ẸNI TÓ Ń RÀ NÁÀ, Ẹ ṢỌ́RA

Ọgbọ́n iye ọ̀kan kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà. Ẹ jẹ́ ká wo télọ̀ kan tó fẹ́ ra aṣọ. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ń ta ọ̀pá kan ní ₦1,500. Ṣọ́ọ̀bù kejì ń ta mítà kan ní ₦1,600. Ojú tó yá á sáré lọ sí ti ₦1,500. Ṣùgbọ́n ọ̀pá jẹ́ ínṣì 36, mítà sì lé díẹ̀ ní ínṣì 39. Mítà 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀pá 11 géérégé. Ọ̀pá 11 ní ₦1,500 jẹ́ ₦16,500. Mítà 10 ní ₦1,600 jẹ́ ₦16,000. Èyí tó dà bí ẹni wọ́n ló dínwó ní ₦500.

Epo pupa ńkọ́? Ká ní kẹ́ẹ̀gì lítà 25 jẹ́ ₦40,000. Ìgò kan, èyí tó ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà, jẹ́ ₦1,300. Pín ₦40,000 sí ọ̀nà 25: lítà kan nínú kẹ́ẹ̀gì jẹ́ ₦1,600. Ìgò 4 ló ń di lítà 3, ₦5,200 sì ni ìgò 4. Lítà kan nínú ìgò wá lé ní ₦1,730. Alágbàṣe oúnjẹ tó ń lo lítà 25 lóṣù, tó ń ra ìgò ìgò, ń sọ owó tó lé ní ₦3,000 nù lóṣooṣù. Ìyàwó ilé mẹ́ta tí wọn kò lágbára kẹ́ẹ̀gì lè dáwó jọ, kí wọ́n rà á, kí wọ́n pín in. Ẹni tó bá dá ₦20,000 á gba ààbọ̀ rẹ̀, lítà 12 ààbọ̀. Ẹni tó bá dá ₦8,000 á gba lítà 5. Ìjà kò ní sí níbẹ̀, torí iye ọ̀kan ni wọ́n fi pín in.

Ti ìrẹsì Ọ̀fadà àti gàrí, ẹ wo ìdí kóńgò kẹ́ ẹ tó wo iye owó. Kóńgò tí wọ́n fi òòlù tẹ ìdí rẹ̀ wọnú kò gba iye tí kóńgò gidi ń gbà. Bí kóńgò rere bá ń gba ago 12, tó jẹ́ ₦2,400, ago kan jẹ́ ₦200. Bí kóńgò alátẹ̀wọnú bá ń gba ago 10, tó jẹ́ ₦2,200, ago kan jẹ́ ₦220. Èyí tí wọ́n ní àwọn dín ₦200 nínú rẹ̀ ló wọ́n jù! Ẹ̀yin tó ń tẹ ìdí kóńgò náà, ẹ rántí pé ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà.

KÌ Í ṢE GBOGBO NǸKAN LÓ Ń BÁ ỌJÀ PỌ̀

Àmọ́ ṣá o, ọgbọ́n yìí ní àlà. Ẹni tí kò bá mọ àlà rẹ̀ á tún fi ṣìnà.

Àkọ́kọ́, owó kan wà tí kì í bá ọjà pọ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń gba ₦20,000 láti Làfẹ́nwá lọ sí Èkó, tí ìyá aláàpò gàrí kó àpò 10 sí i, ₦2,000 ló bọ́ sórí àpò kọ̀ọ̀kan. Bí òun àti aládùúgbò rẹ̀ bá da ẹrù pọ̀, tí ó di àpò 20, ₦1,000 péré ni. Ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà. Ìdí tí oníṣòwò tó gbọ́n fi máa ń wá ẹnìkejì nìyẹn.

Èkejì, ohun kan wà tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ń pọ̀, èkejì ń dín. Bí bíríkìlà 4 bá lè mọ ògiri kan ní ọjọ́ 6, bíríkìlà 8 á mọ ọ́n ní ọjọ́ 3, bí ibi iṣẹ́ bá gbà wọ́n. Onílé tó rò pé ọjọ́ tó dín á dín owó kù ń tan ara rẹ̀. Ènìyàn 4 fún ọjọ́ 6 jẹ́ owó iṣẹ́ ọjọ́ 24. Ènìyàn 8 fún ọjọ́ 3 náà jẹ́ 24. Iṣẹ́ yá, owó kò yí padà.

ÌYÁ ALÁRÓ PADÀ ṢÍRÒ

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ pé ₦360,000 ni, Ìyá Aláró fúnra rẹ̀ ló rí àlàyé tí ọmọ kò rí.

"Dúró ná, ọmọ mi. Èmi ò lọ sí Èkó nígbà 6. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ. ₦2,400 ni mo wọ ọkọ̀, wọ́n tún gba ₦1,600 lórí ẹrù."

"Òótọ́ ni, Màmá! Ẹ jẹ́ ká yọ owó ọkọ̀ kúrò ná."

₦54,000, yọ ₦2,400 kúrò, ó ku ₦51,600. Pín in sí ọ̀nà 6, aṣọ kan jẹ́ ₦8,600. Aṣọ 40 jẹ́ ₦344,000. Fi owó ọkọ̀ àti ti ẹrù, ₦4,000, lé e: ₦348,000. ₦340,000 ni Ìyá Aláró gbà. Ó fi ₦8,000 ṣòfò, ó sì ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lé e lórí. ₦8,000 yẹn gan-an ló ku nínú owó èsúsú. Ẹnikẹ́ni kò jí kọ́bọ̀.

Èyí tó dùn ún jù ni pé kò pọn dandan kó lé oníbàárà. ₦10,500 ló ń ta aṣọ kan fún ẹni tó bá ra mẹ́fà. Bó bá dín ₦700 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó gba ₦9,800, owó aṣọ 40 á jẹ́ ₦392,000. Ẹgbẹ́ á jèrè ₦28,000 nínú ohun tí wọn ì bá san, Ìyá Aláró á sì rí ₦44,000 mú lọ sílé. Ẹ̀dínwó tí a ṣírò, ọ̀rẹ́ ló ń mú wá. Ẹ̀dínwó tí a fi ẹnu lásán ṣe, gbèsè ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, Ìyá Aláró wà lójúde ilé àwọn òbí ọmọ iṣẹ́ náà.

"Ọmọ mi, má bínú sí mi. Ìwọ kọ́ lo jẹ owó mi. Ẹnu mi ló jẹ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà, ìwé kékeré kan wà nínú àpò ìyá yìí. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá ní kó dínwó, á ní, "Dúró dè mí, ọmọ mi." Á ṣí ìwé rẹ̀. Á kọ́kọ́ kọ ohun tó ń bá ọjà pọ̀ sọ́tọ̀, á kọ ohun tó dúró lójú kan sọ́tọ̀. Á wá iye ọ̀kan. Ìgbà náà ni á tó la ẹnu.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹni tí kò bá mọ̀wé lè fi òkúta wẹ́wẹ́ kà á, ó sì lè pe ọmọ tó wà nílé ìwé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú ká máa tajà lójoojúmọ́, ká má mọ ẹni tó ń jèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá tún bi yín pé, "Màmá, èló ni gbogbo rẹ̀?", ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: èló ni ọ̀kan ṣoṣo?